Kẹ́ ẹ tó gbé ìgbálẹ̀: bá a ṣe lè palẹ̀ pàǹtí mọ́ ládùúgbò wa ní Nyanya àti Mararaba

Ẹ̀yin ará wa ní Nyanya, Mararaba, Jikwoyi àti Mpape, ẹ gbọ́ o. Tó bá di Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, a á jáde, a á kó gọ́tà, a á kó ẹrẹ̀ àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà náà, a á lọ wẹ̀, òjò kan ṣoṣo á sì gbá gbogbo ẹ̀ padà sínú gọ́tà. Iṣẹ́ yẹn ń ṣòfò torí a ò mọ ibi tí pàǹtí ń lọ ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a. Ibi tó ń lọ yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, ìgbálẹ̀ lè dúró ná.

Ẹ lọ bá Mai Angwa, ìyẹn baálẹ̀ àdúgbò. Tó bá ti wà ńbẹ̀, àwọn Gbagyi, Hausa, Igbo àti Tiv tá a jọ ń gbé á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gbogbo wa ni. Ẹ mú ìyá kan tó ń ta oúnjẹ dání, ẹ mú ẹnì kan látinú ẹgbẹ́ lándíọ̀dù, ẹ má gbàgbé ayálégbé, àwọn ló pọ̀ jù. Ẹ kọ lẹ́tà, kí Mai Angwa fọwọ́ sí i, àmọ́ ẹ wo ibi tẹ́ ẹ máa gbé e lọ dáadáa: Nyanya wà lábẹ́ AMAC, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ Àbújá, Mararaba wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Karu ní Nasarawa, títì kan náà ló gba inú méjèèjì kọjá ṣùgbọ́n ìjọba ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ni wọ́n, tẹ́ ẹ bá ṣìnà, wọ́n á kàn máa tì yín síwá sẹ́yìn ni. Ẹ gba ọjọ́ tí ọkọ̀ tó ń kó pàǹtí máa wá lẹ́nu wọn kẹ́ ẹ tó dá ọjọ́ iṣẹ́. Ààtàn ńlá Àbújá wà ní Gosa, lọ́nà ẹ́ápọ́ọ̀tù, ó jìnnà sí wa gan-an, owó epo ọkọ̀ ò sì kéré, torí náà ìwọ̀nba ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè rà tí ẹran ò sì lè jẹ nìkan ló yẹ kó dé ọ̀hún.

Lẹ́yìn Mai Angwa, baban bola, àwọn tó ń ṣa pàǹtí tà, ló kàn. Ọ̀pọ̀ wa ò fẹ́ rí wọn sójú, wọ́n ní wọ́n ń jí ìkòkò, wọ́n ń tú irin gọ́tà. Òótọ́ ni pé àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwọn náà ló ń kó ike àti irin kúrò nílẹ̀ wa láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó sì máa ń dùn mí tá a bá ń lé wọn. Ẹ ní kí Mai Angwa pe olórí wọn, kó fún yín ní ọmọkùnrin bíi mẹ́rin tó mọ̀ dáadáa, ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù wọn sílẹ̀, ẹ rán ẹ̀wù aláwọ̀ kan náà fún wọn, ẹ sọ àkókò tí wọ́n lè wọlé. Ẹni tí ò bá wọ ẹ̀wù yẹn ò gbọ́dọ̀ wọ kọ́ńpáùǹdù. Tẹ́ ẹ bá rí wọn lẹ́nu iṣẹ́, ẹ sọ pé "Sannu da aiki", ìyẹn ẹ kú iṣẹ́ ní Hausa, ẹnu kì í ya o.

Nílé, àpò ìrẹsì mẹ́ta ti tó: ọ̀kan fún ike, ọ̀kan fún ọ̀rá, ọ̀kan fún agolo. Ẹ jẹ́ kí n fi bí ike ṣe rí hàn yín. Ẹ gé díẹ̀ lára ike omi, ẹ gé díẹ̀ lára ìdérí ẹ̀, ẹ ti méjèèjì wọnú omi nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ wá fi wọ́n sílẹ̀. Ti ara ike á rì sísàlẹ̀, ti ìdérí á léfòó. Irú ike ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, wọn ò ṣeé yọ́ pọ̀, ìdí nìyẹn tí oníke fi máa ń gé owó tó bá bá ìdérí lórí ẹ̀. Ẹ ṣí i, ẹ da omi inú ẹ̀ nù, ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà náà, àpò kan ní 20 nínú, ilé tó ń mu àpò kan lójúmọ́ á da 600 sílẹ̀ lóṣù, ẹ gbọn omi inú ẹ̀, ẹ sá a gbẹ, torí ẹni tó ń rà á ò ní sanwó omi àti iyanrìn. Fún agolo, ẹ yọ òòfà lára spíkà tó ti bàjẹ́: agolo tòmátò á lẹ̀ mọ́ ọn, agolo máàtì ò ní lẹ̀, ẹ ya ti máàtì sọ́tọ̀, òun lówó ẹ̀ pọ̀ jù.

Èèpo iṣu, èèpo gbágùúdá tó ti gbẹ, èèpo ẹ̀wà, ẹ kó o fáwọn tó ń sin àgbò àti ewúrẹ́. Kí ọ̀rá má sí nínú ẹ̀ rárá, ọ̀rá máa ń dí ikùn ẹran, á sì pa á.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dáná sun ọ̀rá tàbí waya, èéfín yẹn ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, àwọn ọmọ wa ló sì ń fà á símú. Bátìrì ọkọ̀ àti ti ìnfátà, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni là á láàárín ilé. Òjé ló wà nínú ẹ̀, òjé náà ló pa ọmọdé bíi 400 ní Zamfara ní 2010, nígbà tí wọ́n ń lọ òkúta góòlù tí òjé wà nínú ẹ̀ nínú kọ́ńpáùǹdù.

Fún ọjọ́ iṣẹ́ gan-an, oṣù kẹta ló dáa, kí òjò tó dé. Isàlẹ̀ gọ́tà níbi tí omi ti ń jáde ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ máa bọ̀ lókè, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó kàn máa ti ẹrẹ̀ síra yín ni. Ìbọ̀wọ́ àti bọ́ọ̀tù pọn dandan, abẹ́rẹ́ àti ìgò fífọ́ á wọnú gálọ́ọ̀nù líle, kí ọmọdé má fọwọ́ kàn án. Inú àpò ni ẹrẹ̀ ń lọ, kó sì wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Onígbáméjì pa èèyàn tó ju 3,000 lọ ní Nàìjíríà ní 2021, ìpínlẹ̀ òkè ọya ló sì pọ̀ jù níbẹ̀, omi gọ́tà tó ń wọ kànga kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Owó tẹ́ ẹ bá rí, ọwọ́ ẹni méjì ni kó wà. Ẹ kọ kílò àti iye tẹ́ ẹ tà á sára ògiri níbi tí gbogbo èèyàn á ti rí i. Owó ike máa ń lọ sókè sódò, torí náà ẹ bi ẹni méjì léèrè kẹ́ ẹ tó tà, kẹ́ ẹ sì rí i pé òṣùwọ̀n wà ńlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gbé e.