Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ará ilé wa tí wọ́n ń gun òkè Goatfell

Àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tí wọ́n ń kàwé ní Glasgow, àti àwọn òbí tí wọ́n ń ti Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣàgámù lọ kí wọn, a máa fẹ́ gun òkè Goatfell ní erékùṣù Arran, ní Sìkọ́tílándì. Mítà 874 ni gíga rẹ̀, wọ́n á sì ní ṣebí kò tó kìlómítà kan. Wọ́n gbàgbé pé etí òkun gan-an, ní Brodick, ni wọn yóò ti gbéra, nítorí náà kò sí èyí tí wọn kò ní fi ẹsẹ̀ gùn nínú rẹ̀.

Ti aṣọ ló burú jù. Ẹni tí ó mọ ọyẹ́ a máa rò pé òun mọ òtútù, bẹ́ẹ̀ ọyẹ́ gbẹ, òtútù Arran sì kún fún omi àti afẹ́fẹ́ líle. Bí ìwọ̀n ooru bá jẹ́ 12 ní èbúté, ó lè má ju 6 lọ ní ṣóńṣó òkè, kí a tó wá ka ti afẹ́fẹ́ mọ́ ọn. Ẹ má ṣe wọ jíǹsì tàbí síńgílẹ́ẹ̀tì òwú. Òwú a máa fa omi mu, ì báà jẹ́ òjò tàbí òógùn, kì í sì í tètè gbẹ; jíǹsì tí ó ti rin a lẹ̀ mọ́ itan, a sì máa fa ooru kúrò lára títí ọwọ́ yóò fi máa gbọ̀n débi pé kò ní lè fa síìpù jákẹ́ẹ̀tì. Bí ọ̀rọ̀ bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ lẹ́nu ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe sọ pé ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. Òtútù ti ń wọ inú rẹ̀ lọ. Irun àgùntàn tàbí pọliẹ́sítà ni kí ó kan ara, kí jákẹ́ẹ̀tì tí omi àti afẹ́fẹ́ kò lè là kọjá sì wà nínú àpò, kódà bí oòrùn bá ń ràn.

Ẹ fi gààrí Ìjẹ̀bú sílẹ̀ de àbọ̀. Ó dùn, n kò jiyàn, ṣùgbọ́n ẹ̀pà àti ṣokoléètì kò nílò abọ́ nínú ìjì.

Àṣìṣe mìíràn ni kí ènìyàn wọ ọkọ̀ ojú omi tí ó pẹ́ dé erékùṣù, kí ó wá máa sáré sọ̀kalẹ̀ nítorí èyí tí ó kẹ́yìn. Òkúta akọ gànǹgà-gànǹgà ni apá òkè ọ̀nà náà, ibẹ̀ sì ni ọrùn ẹsẹ̀ ti ń yẹ̀. Ní oṣù Kejìlá, oòrùn a ti wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ẹ mú iná ìléwọ́ àti owó ilé ìtura dání, torí afẹ́fẹ́ lè dá ọkọ̀ dúró.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fóònù nìkan fún ọ̀nà: òtútù a máa pa bátìrì, kùrukùru sì lè bo gbogbo òkè. Máàpù bébà àti kọ́ńpáàsì ni kí ẹ mú. Bí ewu bá dé, ẹ pe 999 tàbí 112, ẹ béèrè ọlọ́pàá, kí ẹ sì sọ fún wọn pé àwọn tí ń dóòlà ènìyàn lórí òkè ni ẹ nílò. Bí fóònù kò bá wọlé, ẹ fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ sinmi ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún un fọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọn yóò fọn tiwọn láti dáhùn. Ẹ má dákẹ́ nígbà náà, torí ìró fèrè yín ni wọn yóò máa tẹ̀ lé bọ̀.