Bí A Ṣe Ń Fẹjọ́ Ìdẹ́yẹsí Sùn Níbi Iṣẹ́ Láìtú Àṣírí Àìsàn Ẹni

Bí ọ̀gá bá lé òṣìṣẹ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ó gbọ́ pé ó ní kòkòrò HIV, tàbí tí wọ́n fo ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ SS nígbà ìgbéga, ìyà méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní ni èyí tí ọ̀gá fi jẹ ẹ́. Èkejì ni èyí tí ẹjọ́ fúnra rẹ̀ ń mú wá: lẹ́tà ẹ̀sùn á dé ọ́fíìsì HR (ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́), akọ̀wé á kà á, á sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, kó tó di ọjọ́ Jímọ̀, gbogbo ilé iṣẹ́ á ti mọ oògùn tí onítọ̀hún ń lò. Ìbẹ̀rù èkejì yìí ti pa ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu mọ́ lórí ìyà èkíní, ó sì dunni gan-an, nítorí ọ̀nà wà tí a fi ń gbé ẹ̀sùn jáde tí fáìlì ilé ìwòsàn á sì wà nílé. Bí a ṣe ń ṣe é ní Nàìjíríà la fẹ́ là sílẹ̀ níbí.

Ẹ kọ́kọ́ ya ohun tí wọ́n ṣe kúrò lára ohun tó ń ṣe yín

Ẹ ra ìwé kékeré kan tí yóò máa gbé nílé. Ẹ fa ìlà sí àárín ojú ewé. Lápá òsì, ẹ kọ ohun tí wọ́n ṣe fún yín: ọjọ́, aago, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ẹni tó sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà bó ṣe tẹnu rẹ̀ jáde, àti àwọn tó wà níbẹ̀. Lápá ọ̀tún, ẹ kọ ti ìlera: orúkọ àìsàn, oògùn, èsì àyẹ̀wò, ọjọ́ tí wọ́n dá yín dúró sí ọsibítù. Apá òsì ni yóò di lẹ́tà ẹ̀sùn. Apá ọ̀tún kò ní jáde nílé, àfi ìlà kan tàbí méjì tí ẹjọ́ kò lè dúró láìsí i.

Ẹ wo àpẹẹrẹ: «Lọ́jọ́ kẹrin oṣù kẹta, ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, nínú yàrá ìpàdé, alábòójútó mi sọ níwájú èèyàn mẹ́ta pé òun kò fẹ́ kí n fọwọ́ kan ife tí àwọn yòókù fi ń mumi mọ́.» Kò sí orúkọ àìsàn kankan nínú rẹ̀, ẹ̀sùn ọ̀hún sì ti dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì.

Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kọ́ ni ká kọ ọ́ sí, ká má sì fi ímeèlì ilé iṣẹ́ fi ránṣẹ́ sí ara wa. Àwọn tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà lè rí i, ẹ̀dà rẹ̀ sì lè wà lọ́dọ̀ wọn pẹ́ lẹ́yìn tí ẹ ti pa á rẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó le díẹ̀ níbí, ká má fò ó. Bí ilé iṣẹ́ bá ní àwọn kò mọ̀ rárá pé nǹkan kan ń ṣe yín, báwo la ṣe fẹ́ sọ pé nítorí àìsàn ni wọ́n ṣe lé yín? Ìdí nìyẹn tí bíbo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ fi lè pa ẹjọ́. Ẹ gbọ́dọ̀ lè fi hàn pé ẹni tó ṣe ìpinnu náà mọ nǹkan kan nígbà tó ṣe é. Ẹnu tirẹ̀ ni kí ẹ fi mú un: ọ̀rọ̀ tó sọ, kúẹ́rì tó kọ, ìwé dókítà tí wọ́n gbà tí wọ́n sì kọ ọjọ́ sí lára. Bó bá jẹ́ pé òun ló dárúkọ àìsàn náà, ẹ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Kò di dandan kí ẹ sọ bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́.

Ìwé dókítà

Ìwé «excuse duty», èyí tí dókítà fi ń sọ pé kí òṣìṣẹ́ sinmi tàbí kí wọ́n dín iṣẹ́ rẹ̀ kù, ni àṣírí ti sábà máa ń kọ́kọ́ jò. Dókítà tó ń kánjú á kọ orúkọ àìsàn gàdàgbà sí àárín ìwé, ẹ̀yin á gbé e fún akọ̀wé, akọ̀wé á sì fi í sínú fáìlì tí ẹni gbogbo ń ṣí. Kí ẹ tó dìde níwájú dókítà, ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ ohun mẹ́rin péré: pé òun yẹ̀ yín wò, iṣẹ́ tí ẹ kò lè ṣe, iye ọjọ́ tí yóò gbà, àti ọjọ́ tí ẹ ó padà wá rí òun. Báyìí ló ṣe máa rí: «Mo yẹ ẹni tó mú ìwé yìí wò lónìí. Kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo ju kílò 5 lọ, kò sì gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ alẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 2. Yóò padà wá fún àyẹ̀wò lẹ́yìn ìgbà náà.» Gbogbo ohun tí ọ̀gá nílò láti fi pín iṣẹ́ ti wà níbẹ̀.

Ẹ wo orí ìwé àti òǹtẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn èèyàn máa ń gbàgbé èyí. Kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ mọ́ tó báwo, bí òǹtẹ̀ bá ka ẹ̀ka tó ń tọ́jú ààrùn ọpọlọ tàbí ti HIV, òǹtẹ̀ náà ti tú àṣírí. Ẹ ní kí wọ́n fi bébà ọsibítù lápapọ̀ kọ ọ́, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ ọsibítù, kì í ṣe ti ẹ̀ka.

Lẹ́yìn èyí ni ìwé ìyọ̀ǹda tí ilé iṣẹ́ máa ń ní kí òṣìṣẹ́ buwọ́ lù. Abala 26 nínú òfin National Health Act ti ọdún 2014 sọ pé àṣírí ni ohun gbogbo tó jẹ mọ́ ìlera aláìsàn, ìtọ́jú tó gbà, àti bó ṣe gbé ní ilé ìwòsàn. Dókítà kò lè gbé e fún ọ̀gá yín àfi bí ẹ bá fọwọ́ síwèé, bí ilé ẹjọ́ tàbí òfin bá pàṣẹ, tàbí bí dídákẹ́ bá lè fa ewu ńlá fún ìlera ará ìlú. Ti ọmọdé àti ti ẹni tí kò lè dá ìpinnu ṣe wà lọ́wọ́ alágbàtọ́ wọn. Ìbuwọ́lù yín ni kọ́kọ́rọ́. Bí fọ́ọ̀mù bá kọ «gbogbo àkọsílẹ̀ ìlera mi», ẹ fa ìlà pa á, kí ẹ kọ ohun tí ẹ gbà sórí rẹ̀ («lẹ́tà kan lórí iṣẹ́ tí mo lè ṣe»), orúkọ ẹni tí yóò gbà á, àti ọjọ́ tí ìyọ̀ǹda náà yóò parí. Ẹ buwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹ fa ìlà sí, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ kó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Tó bá jẹ́ ilé ìwòsàn tí kọ́ńpìnnì ń sanwó fún ni ẹ ń lò, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó máa ń wà nínú bíìlì tí wọ́n ń fi ránṣẹ́. Iye owó nìkan ni ẹ̀ka ìṣirò owó nílò láti mọ̀.

Lẹ́tà kan, àpòòwé méjì

Ẹ kọ lẹ́tà ẹ̀sùn láti apá òsì ìwé yẹn. Ojú ewé méjì tó. Ẹnì kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ ọ́ sí, pẹ̀lú ipò rẹ̀, bí i olórí ẹ̀ka HR. Ẹ má fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́fà nítorí pé inú ń bí yín. Àkọlé rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju «Ẹ̀sùn lórí ìwà tí wọ́n hù sí mi lẹ́nu iṣẹ́» lọ, nítorí àkọlé ni akọ̀wé máa kọ sínú ìwé tí wọ́n fi ń gba lẹ́tà wọlé, ẹnikẹ́ni tó bá dúró ti tábìlì rẹ̀ ló sì lè kà á.

Bí ìwé ìlera kan bá wà tí ẹjọ́ kò lè ṣe láìní, àpòòwé tirẹ̀ ni kó wọ̀. Ẹ lẹ̀ ẹ́ pa, ẹ buwọ́ lù ú lórí ibi tó ti pàdé, kí ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé: «Àṣírí ìlera. Ẹni tí a kọ orúkọ rẹ̀ síwájú nìkan ni kó ṣí i.» Nínú lẹ́tà, ẹ kàn sọ pé ìwé kan wà nínú àpòòwé kejì. Kí ẹni tó gbà á buwọ́ lu ẹ̀dà tiyín, kó kọ ọjọ́ àti aago.

Bí ẹ bá fẹ́ bo orúkọ àìsàn nínú ìwé kan, ẹ ṣọ́ra. Dúdú tí a fi máàkà kùn ṣeé kà bí a bá gbé bébà náà síwájú iná. Ẹ ṣe fọ́tókọ́pì ojú ewé tí ẹ ti kùn, fọ́tókọ́pì náà ni kí ẹ fi sílẹ̀. Ti orí fóònù burú ju èyí lọ: àpótí dúdú tí a yà sórí PDF kì í sábà pa ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ rẹ́, ẹni tó bá dà á kọ lè rí gbogbo rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí ẹ tún yà á padà.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ jókòó sí HR

Fáìlì ìlera kò gbọdọ̀ gbé inú fáìlì òṣìṣẹ́. Kó ní kọ́bọ́ọ̀dù tirẹ̀, kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, àti ìwé kan tí ẹni tó bá ṣí i yóò kọ orúkọ, ọjọ́ àti ìdí rẹ̀ sí. Òfin ààbò dátà tí ààrẹ buwọ́ lù lóṣù kẹfà ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ àwọn dátà tó gbẹgẹ́, tí ààbò wọn gbọdọ̀ le ju ti àdírẹ́sì tàbí nọ́ńbà fóònù lọ.

Ìgbìmọ̀ tó ń wádìí kò nílò orúkọ àìsàn láti mọ̀ bóyá alábòójútó sọ ọ̀rọ̀ àlùfàǹṣá. Ìbéèrè tí a ń bi ẹlẹ́rìí ló máa ń ba nǹkan jẹ́. Ẹni tó bá béèrè pé «Ṣé ẹ mọ̀ pé ó ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀?» ti fi ẹnu ara rẹ̀ tú àṣírí náà, ẹlẹ́rìí tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ti wá mọ̀. «Kí lẹ gbọ́ tí alábòójútó sọ ní yàrá ìpàdé lọ́jọ́ kẹrin?» ló yẹ kó béèrè. Bákan náà ni àkọsílẹ̀ ìpàdé: ẹ kọ «ipò ìlera olùfisùn», kó parí síbẹ̀. Ẹ má sì jíròrò rẹ̀ lórí WhatsApp, bó ti wù kí gúrúùpù náà kéré tó.

Tí ọ̀rọ̀ bá jáde kúrò nílé iṣẹ́

Ẹ lè lọ sọ́dọ̀ National Human Rights Commission, àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ olùfisùn. Ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ iṣẹ́ ni National Industrial Court. Fún àwọn tó ní HIV, òfin ọdún 2014 tó lòdì sí ìdẹ́yẹsí wọn wà nílẹ̀: agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ sọ àyẹ̀wò HIV di dandan kó tó gba èèyàn síṣẹ́.

Gbangba ni ilé ẹjọ́ ti ń jókòó, ibẹ̀ sì ni ẹ ti gbọ́dọ̀ tètè ṣe nǹkan. Ìwé òfin Nàìjíríà, abala 36 ẹsẹ kẹrin, gba ilé ẹjọ́ láyè láti ní kí àwọn tí kò kàn jáde bó bá jẹ́ láti dáàbò bo ìgbésí ayé ìkọ̀kọ̀ àwọn tó wà nínú ẹjọ́. Ẹ sọ fún lọ́yà yín kó bẹ̀bẹ̀ fún èyí, kó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ yín pe ẹjọ́, lọ́jọ́ kan náà tó bá ń gbé ìwé ẹjọ́ wọlé. Tó bá dúró di ọ̀sẹ̀ kejì, ó lè ti pẹ́: wọ́n á ti lẹ orúkọ mọ́ ara ìlẹ̀kùn kóòtù, ìdájọ́ sì máa ń dé orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kan ní Èkó fi hàn ìdí tí a fi ń tẹnu mọ́ èyí. Ọdún 1995 ni wọ́n yọ ọ́ níṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún HIV láìgba àṣẹ rẹ̀. Nígbà tó dé kóòtù, lọ́dún 2001, adájọ́ ní kó má wọlé àfi bí onímọ̀ bá jẹ́rìí pé kò ní kó kòkòrò náà ran àwọn èèyàn. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2012 ni ilé ẹjọ́ gíga Èkó tó dá a láre, pẹ̀lú owó ìtanràn mílíọ̀nù 7 náírà.

Bí àṣírí bá sì jò láàárín kan, ẹ ya àwòrán ohun tí ẹ rí lójú fóònù kí wọ́n tó pa á rẹ́, kí ọjọ́ àti aago hàn nínú rẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó ṣí fáìlì náà àti ẹni tí wọ́n fún. Bí jíjò náà bá lè pa ẹ̀tọ́ yín lára, òfin ààbò dátà ọdún 2023 fún ilé iṣẹ́ ní wákàtí 72 láti ìgbà tí wọ́n ti mọ̀, kí wọ́n fi tó Nigeria Data Protection Commission, àjọ tó ń rí sí ààbò dátà, létí. Bí ewu rẹ̀ bá pọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún ẹ̀yin náà lójú ẹsẹ̀. Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ fúnra yín lè kọ̀wé ẹ̀sùn sí Commission náà. Nínú ìwé yẹn pẹ̀lú, «àkọsílẹ̀ ìlera mi» ni kí ẹ pè é.