Bí Mo Ṣe Ṣírò Ìrìn Èkó sí Bahia

Àǹtí mi kan ní Pópó Àgùdà ló ní kí n bá àwọn wo bí Èkó ṣe jìnnà sí Salvador, olú ìlú Bahia ní Brazil, àti iye wákàtí táwọn máa lò lọ́nà. Bahia làwọn bàbá ńlá wọn ti padà wálé, ó sì ti pẹ́ tí ìlú náà ti ń wù wọ́n í rí.

Mo ṣí Google Maps lórí fóònù, mo tẹ pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà mọ́lẹ̀ títí àmì pupa fi yọ, mo mú "Measure distance", mo wá fa máàpù lọ sí Salvador. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5,100 kìlómítà. Mo wọn Èkó sí London mọ́ ọn: nǹkan bí 5,000. Àṣé bí London ṣe jìnnà sí wa náà ni Bahia ṣe jìnnà! Ẹ má fi rúlà wọ̀n ọ́n lórí máàpù ara ògiri o. Ayé rí roboto, bébà tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì máa ń fa ilẹ̀ apá àríwá gùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọkọ̀ òfurufú ńlá ń sá tó 850 sí 900 kìlómítà ní wákàtí kan. Tá a bá fi ìgbéra àti ìbalẹ̀ kún un, bíi wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ ni. Inú Àǹtí dùn: "Ṣebí omi òkun kan ṣoṣo ló là wá láàárín!"

Àmọ́ kò sọ́kọ̀ tó ń ti Èkó lọ tààrà sí Salvador. Èyí tó gba Lisbon ní Portugal wà, ṣùgbọ́n Àǹtí ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ físà míì lórí ti Brazil. Èyí tó kù tó dáa gba Addis Ababa, olú ìlú Ethiopia, àti São Paulo ní Brazil: Èkó sí Addis, nǹkan bí 3,900 kìlómítà, wákàtí márùn-ún, Addis sí São Paulo, 9,900, wákàtí méjìlá, São Paulo sí Salvador, 1,450, wákàtí méjì ó lé. Ó lé ní 15,000 lápapọ̀, ìlọ́po mẹ́ta ọ̀nà tààrà. Wọ́n á gbé èèyàn lọ síhà ìlà oòrùn, wọ́n á tún gbé e sọdá Áfíríkà padà kó tó fojú kan òkun.

Aago ló lè da orí rú jù. Aago tí wọ́n kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì, ti ìlú tí ọkọ̀ wà ni. Addis fi wákàtí méjì ṣíwájú Èkó, São Paulo fi mẹ́rin wà lẹ́yìn. Bí ọkọ̀ bá kúrò ní Addis laago mẹ́wàá àárọ̀, tó balẹ̀ sí São Paulo laago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó máa jọ wákàtí mẹ́fà lójú. Mo dá méjèèjì padà sí aago Èkó: mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́jọ alẹ́. Méjìlá gbáko.

Ó wá ku ìdúró. Ní São Paulo, èèyàn á gba ẹrù ẹ̀, á gba ọ̀dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù kọjá, á tún lọ kó o fún ọkọ̀ abẹ́lé. Wákàtí mẹ́rin ni mo fi sílẹ̀ fún ìyẹn. Pápákọ̀ òfurufú tó ń jẹ́ Guarulhos lọkọ̀ òkè òkun ń balẹ̀ sí, àmọ́ tíkẹ́ẹ̀tì tó dínwó jù tí mo rí lọ sí Salvador, Congonhas, pápákọ̀ mìíràn, ló ti ń gbéra, àárín ìlú lọ́hùn-ún, nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Mo fi tíkẹ́ẹ̀tì yẹn sílẹ̀.

Nígbà tí mo ro ìdúró Addis mọ́ ọn, ó di nǹkan bí wákàtí méjìdínlọ́gbọ̀n láti Ìkẹjà dé Salvador. Àǹtí dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Bá mi wo iye tí òtẹ́ẹ̀lì ń gbà fún òru kan ní São Paulo."