Bí a ṣe ń kọ pátẹ́ǹtì tó lágbára, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri

Gbígba ìwé pátẹ́ǹtì, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń sọ pé ẹ̀yin lẹ ni ohun tuntun tẹ́ ẹ ṣe, ò le ní Nàìjíríà o. Òfin wa ti 1970 ò ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá tuntun ni nǹkan yín lóòótọ́. Tí fọ́ọ̀mù bá ti pé tí owó sì wọlé, wọ́n á fún yín, àmọ́ wọn ò ṣe onídùúró fún un, ọrùn ẹni tó gbà á ló wà. Mo mọ àwọn tó fi férémù gbé tiwọn kọ́ pálọ̀, tí ẹlòmíì sì ń ta ẹ̀rọ wọn ní títì kejì.

Ẹ kọ́kọ́ wá bóyá ẹnì kan ti ṣe é rí, lórí Google Patents àti Espacenet, ibi tí wọ́n kó pátẹ́ǹtì jọ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ká ní ẹ̀rọ tó ń yan gàrí lẹ ṣe, ẹ má tẹ gàrí nìkan, iṣẹ́ tó ń ṣe ni kẹ́ ẹ wá, ẹ tún tẹ farinha torí àwọn ará Brazil náà ń yan tiwọn. Kẹ́ ẹ sì panu mọ́! Tẹ́ ẹ bá gbé fídíò ẹ̀ sí Facebook kẹ́ ẹ tó fi ìwé sílẹ̀, Amẹ́ríkà ṣì lè fún yín láyè ọdún kan láti fi í sílẹ̀, Yúróòpù ò ní gbà.

Ó yá, ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́ rèé: kíléèmù, ìyẹn àwọn gbólóhùn tí wọ́n fi nọ́ńbà sí tó ń sọ ibi tí nǹkan yín mọ. Bí ìwé sọ́fè ilẹ̀ ló rí, ohun tó bá ti bọ́ sí òdìkejì òpó kì í ṣe tiyín, kódà kẹ́ ẹ ti gbin àgbàdo síbẹ̀. Ọmọkùnrin kan kọ tiẹ̀ pé "agbada irin, apá mẹ́rin tó ń rò ó, ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù". Ẹnì kan jó apá mẹ́ta pọ̀, ó fi mọ́tò iná sí i, ó parí. Ohun tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ló kọ, kò kọ ohun tó jẹ́ tuntun níbẹ̀, ìyẹn ni pé rírò náà máa ń yára fúnra ẹ̀ bí gàrí bá ṣe ń gbẹ.

Ẹ wo àwọn Wright, tẹ̀gbọ́n tàbúrò Amẹ́ríkà tó ṣe ọkọ̀ òfuurufú. Wọ́n kọ tiwọn fúnra wọn, ọ́fíìsì pátẹ́ǹtì dá a padà, wọ́n wá lọ bá lọ́yà kan ní Ohio, Harry Toulmin. Nígbà tó jáde ní 1906, nọ́ńbà 821,393, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì ló di mú, bí wọ́n ṣe ń darí etí apá ọ̀tún àti tòsì kó má baà dojú dé ni. Apá tiwọn ń lọ́ ni, Curtiss, tóun náà ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú, fi apá kéékèèké tó ń yí sókè sódò sí tiẹ̀, ilé ẹjọ́ ní 1914 ṣì ní ó jẹ̀bi.

Lọ́dọ̀ tèmi, kíléèmù ni mo máa ń kọ́kọ́ kọ kí n tó ya àwòrán kankan, pẹ́ńsù àti ìwé àjákọ ni, torí kọ̀ǹpútà máa ń jẹ́ kéèyàn kọ jù. Ẹ mú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ tó ṣì ṣiṣẹ́ tó sì ṣì jẹ́ tuntun, ẹ pa á rẹ́. Ẹ má pa á títí táá fi dé orí ohun tó ti wà tẹ́lẹ̀ o, gbogbo ẹ̀ ló máa wó. Kí kíléèmù ìkíní gbòòrò, kí ìkejì àti ìkẹta há sí i, kí ìkíní tó bá ṣubú, ọ̀kan ṣì lè dúró. Lẹ́yìn náà ẹ wá wẹ́dà kan, kó kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé pé òun ò ní sọ, kẹ́ ẹ ní kó wá bó ṣe máa yẹ̀ ẹ́. Àmàlà ni mo fi ń sanwó tèmi.

Ẹ kó gbogbo ọ̀nà míì tẹ́ ẹ lè gbà ṣe é sínú àlàyé, ìyẹn apá ìwé tó ń sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ẹ ò lè rọ tuntun kún un tó bá ti wọlé. Tówó ò bá pọ̀, ẹ fúnra yín kọ àlàyé, kẹ́ ẹ sanwó lọ́yà fún kíléèmù nìkan.

Tẹ́ ẹ bá ti fi ìwé sílẹ̀, oṣù 12 lẹ ní láti gbé e lọ ilẹ̀ míì. Ogún ọdún ni nílé, ọdọọdún sì lẹ máa ń sanwó ẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbàgbé tó sì pẹ́ jù, ó ti lọ nìyẹn, ẹ fi sínú fóònù, kẹ́ ẹ tún kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ní pálọ̀.