Àgbébọ̀ Ìbílẹ̀, Àkùkọ Noiler: Bí A Ṣe Ń Sin Adìyẹ Ajẹ̀káàkiri fún Ẹyin àti Ẹran

Ẹ má ta àgbébọ̀ ìbílẹ̀ yín nítorí pé ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ Noiler. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ nìyẹn fún ẹni tó bá wá bá mi lóko lọ́nà Ọ̀dá, l'Ákùrẹ́ níbí. Noiler dára. Ilé iṣẹ́ Amo ní Awẹ́, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ló mú irú adìyẹ yìí jáde. Ó ń tóbi, ó ń yé, ó sì lè jẹ̀ káàkiri. Àmọ́ kì í fẹ́ sàba. Ọjọ́ tí owó òròmọdìyẹ bá wọ́n, iṣẹ́ ẹni tó gbójú lé Noiler nìkan ti dúró nìyẹn. Àgbébọ̀ ìbílẹ̀ ló ń sàba, òun ló ń kó ọmọ kiri, òun ló sì ń ké nígbà tí àṣá bá ń rà bàbà lókè tí gbogbo ọmọ fi ń sá wọ abẹ́ igi. Ẹ fi àkùkọ Noiler gùn ún, ẹ óò rí ọmọ tó tóbi bíi bàbá, tó sì gbọ́n bí ìyá.

Ọ̀pọ̀ ilé nílùú wa ló ní àgbébọ̀ mẹ́ta mẹ́rin lẹ́yìnkùlé tí ẹnikẹ́ni kò kà sí. Oògùn tí a kò fi owó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Adìyẹ tí a tú sílẹ̀ ń fẹ́ ilé ní alẹ́, ó ń fẹ́ oúnjẹ, ó sì ń fẹ́ àjẹsára.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àgbébọ̀ 20 àti àkùkọ Noiler 2. Àkùkọ 1 tó àgbébọ̀ 8 sí 10. Bí akọ bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, wọn yóò máa jà, wọn yóò sì gun àwọn abo títí ìyẹ́ ẹ̀yìn wọn yóò fi tán. Ẹ má mú àkùkọ tó ti gbó, ara rẹ̀ á wúwo jù fún àgbébọ̀ kékeré. Èyí tó wà láàárín oṣù 6 sí 8 ni mo fẹ́ràn. Ẹni tí kò bá rí Noiler lè lo FUNAAB Alpha, irú adìyẹ mìíràn tí àwọn ọ̀mọ̀wé yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ l'Ábẹ́òkúta mú jáde láti ara adìyẹ ilẹ̀ wa.

Ní ti àwọn àgbébọ̀, ìgbèríko ni mo ti ń rà wọ́n, ní Ìta-Ògbólú àti Ìjù, lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń sìn wọ́n nílé. Ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ wá bi wọ́n pé, “Màmá, ṣé èyí máa ń sàba? Ọmọ mélòó ló tọ́ dàgbà nígbà tó pa kẹ́yìn?” Ìyá tó mọ adìyẹ rẹ̀ á dáhùn kíákíá. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó gbé adìyẹ náà yẹ̀ wò: kí ojú rẹ̀ mọ́, kí ìdí rẹ̀ gbẹ, kí eegun àyà rẹ̀ má yọ ṣóńṣó. Èyí tí ọrùn rẹ̀ kò níyẹ̀ẹ́ àti èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ ká sókè, ẹ má kọ̀ wọ́n, nítorí wọ́n máa ń fara da ooru ju àwọn yòókù lọ. Ẹ ya adìyẹ tuntun sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2 kí ẹ tó dà á mọ́ àwọn ti ilé.

Òfin kan wà tí mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni rú lóko mi. Nínú àwọn ọmọ àdàlù, ìyẹn ọmọ àkùkọ Noiler àti àgbébọ̀ ìbílẹ̀, akọ wà fún ẹran, abo wà fún ẹyin jíjẹ, ẹyin àgbébọ̀ ìbílẹ̀ nìkan la sì ń gbé fún ìyá tó ń sàba. Ẹ má jẹ́ kí àkùkọ àdàlù gun àwọn arábìnrin rẹ̀. Ìran tó bá tẹ̀ lé e kì í dọ́gba: ọ̀kan á tóbi, ọ̀kan á rán, ẹ ò ní lè sọ fún oníbàárà ohun tí yóò rà. Ọdọọdún ni kí ẹ pààrọ̀ àkùkọ pẹ̀lú, kó má baà di pé ó ń gun ọmọ ara rẹ̀. Ẹyin kò nira láti yà sọ́tọ̀, torí ti ìbílẹ̀ kéré ju ti àdàlù lọ.

Ilé wọn kò ní láti jẹ́ ti olówó. Ẹ fi pákó gbé e sókè kúrò nílẹ̀, ẹ fi páànù bò ó, ẹ jẹ́ kí gígùn rẹ̀ lọ láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn kí oòrùn má baà wọlé tààrà. Ẹ fi igi sí i lókè fún wọn láti sùn lé, kí adìyẹ kọ̀ọ̀kan ní àyè bíi 20 sẹ̀ǹtímítà. Ìtẹ́ 1 tó adìyẹ 4 tàbí 5. Wáyà tí ojú rẹ̀ kéré ni kí ẹ rà, torí ejò lè gba ojú ńlá wọlé wá jẹ ẹyin àti ọmọ, ẹtà pẹ̀lú kì í fi ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò dé sílẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ní àgbègbè wa ni ìjàlọ. Wọ́n máa ń rìn lóru lásìkò òjò, wọ́n sì lè pa ìyá tó ń sàba lórí ìtẹ́ pẹ̀lú gbogbo ọmọ rẹ̀, nítorí kò ní dìde sá. Ohun tí mo ṣe ni pé mo ki ẹsẹ̀ ilé kọ̀ọ̀kan bọ inú agolo ńlá, mo da ọ́ìlì mọ́tò tí wọ́n ti lò sínú rẹ̀, mo sì ń gé koríko tó bá fara kan ara ilé. Ìjàlọ á yípo agolo náà títí, kò ní rí ọ̀nà gòkè. Ẹ máa yẹ agolo wò lẹ́yìn òjò, torí omi lè wọ inú rẹ̀ kí ọ́ìlì sì ṣàn dànù. Ẹ bo ẹnu rẹ̀ kí òròmọdìyẹ má jìn sí i.

Ẹ má ṣí wọn sílẹ̀ ní kùtùkùtù. Ọ̀pọ̀ adìyẹ máa ń yé kí ọ̀sán tó pọ́n, nítorí náà mo ń ṣí ilẹ̀kùn ní nǹkan bí aago 10, kí ẹyin wà nínú ìtẹ́, kó má wà nínú igbó. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ lu agolo kan náà lójoojúmọ́ kí ẹ tó da oúnjẹ. Láìpẹ́, ìró rẹ̀ nìkan á kó gbogbo wọn wálé. Pùlọ́ọ̀tì ilẹ̀ 1, ti ẹsẹ̀ bàtà 60 lọ́nà 120, kó má gba ju adìyẹ 100 lọ. Ẹ pín in sí méjì, kí wọ́n máa jẹ̀ lápá kan nígbà tí koríko apá kejì ń hù, kí aràn má baà pọ̀ nínú ilẹ̀.

Ẹ̀yin tí oko yín súnmọ́ oko kòkó, ẹ fetí sí mi dáadáa. Láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, àwọn àgbẹ̀ ń fín oògùn sí kòkó nítorí àrùn tó ń sọ èso rẹ̀ di dúdú. Ẹ bá aládùúgbò yín sọ ọ́ kó máa sọ ọjọ́ tí yóò fín oògùn fún yín, kí ẹ há adìyẹ mọ́lé títí iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára oògùn náà yóò fi pé. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n mu omi tó dá rogún sábẹ́ kòkó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò náà, àgbàdo gbígbìn tí wọ́n ti fi oògùn kùn wà nínú ilẹ̀, adìyẹ sì mọ bí wọ́n ṣe ń hú u jáde. Ó lè pa wọ́n.

Oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ ni èèrí àgbàdo, èèpo gbágùúdá tí a sá gbẹ dáadáa lóòrùn, àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ewé ìbẹ́pẹ. Ẹ má fún wọn ní èèpo gbágùúdá tútù, májèlé wà nínú rẹ̀. Fún ikán, ẹ bu ìgbẹ́ màlúù àti pòpórò àgbàdo sínú ìkòkò tó ti fọ́, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ dojú rẹ̀ dé ibi tí ikán wà. Lọ́jọ́ kejì ìkòkò á kún. Òròmọdìyẹ ń fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Àwọn tó ń yé nílò ìkarahun: ti ìgbín pọ̀ nílùú wa, ẹ yan án lórí iná, ẹ gún un, ẹ gbé e sí inú àwo ọ̀tọ̀ kí wọ́n máa ṣa iye tí ara wọn fẹ́. Ẹyin tí èèpo rẹ̀ bá rọ̀, àìrí ìkarahun jẹ ló sábà máa ń fà á.

Tí àgbébọ̀ 2 tàbí 3 bá fẹ́ sàba lọ́sẹ̀ kan náà, ẹ gbé ẹyin fún wọn lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Ẹyin 10 sí 12 ló tó ìyá kan. Kí ẹyin náà má ju ọjọ́ 7 lọ, kí ẹnu ṣóńṣó rẹ̀ sì dojú kọ ilẹ̀ níbi tí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí. Ẹ fi eérú sí ìdí ìtẹ́ nítorí iná adìyẹ. Lọ́jọ́ keje, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹyin nínú òkùnkùn: èyí tó dára á ní àmì dúdú láàárín, pẹ̀lú iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ tó yọ káàkiri bí aláǹtakùn, èyí tó mọ́ gaara kò ní ọmọ, ẹ yọ ọ́ kó má di ọ̀bu. Ọjọ́ 21 ni wọn yóò pa. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ kó gbogbo ọmọ fún ìyá 1 tàbí 2, ẹni yòókù á sì padà sí ẹyin yíyé láìpẹ́. Ẹ há ìyá àti ọmọ mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ 3 ó kéré tán, torí àṣá.

Lúkúlúkú, àrùn tí àwọn dókítà ń pè ní Newcastle, ló ń pa adìyẹ wa jù, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Kò ní oògùn tó ń wò ó, àfi àjẹsára. Ẹ lọ bá dókítà ẹranko kó tó oṣù kọkànlá. Fún adìyẹ ajẹ̀káàkiri, èyí tí wọ́n ń pè ní I-2, tí ilé iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹranko, NVRI, ní Vom ń ṣe, dára, torí ó ń fara da ooru díẹ̀. Ẹ̀kán 1 sínú ojú 1, lálẹ́ tí wọ́n wà lórí igi tí mímú wọn kò nira, kí ẹ sì tún un ṣe ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin síra. Ẹ ṣì gbé e sínú fúláàsìkì pẹ̀lú yìnyín láti ọjà dé ilé. Èyí tí a ń fi sínú omi, omi kánga ni kí ẹ lò, ẹ má lo omi ẹ̀rọ tó ní oògùn. Ẹ jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ wọ́n díẹ̀ kí wọ́n lè mu ún tán láàárín wákàtí 2. Adìyẹ tó ń ṣàìsàn, ẹ má fún un ní àjẹsára. Tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ òròmọdìyẹ, ó sábà máa ń jẹ́ pé omi ti rin ibi tí wọ́n ń sùn: ẹ kó èérún pákó rẹ̀ dànù, ẹ béèrè oògùn amprolium lọ́wọ́ dókítà.

Tí ẹ bá lo oògùn tó ń pa kòkòrò àìfojúrí fún adìyẹ, wọ́n máa ń kọ iye ọjọ́ tí a kò gbọdọ̀ fi jẹ ẹyin tàbí ẹran wọn sí ara ike. Ẹyin ọjọ́ wọ̀nyẹn, ẹ sin ín. Ọmọ àwọn ènìyàn ló ń jẹ ohun tí à ń tà.

Àkùkọ àdàlù ń tó tà ní oṣù 4 sí 5. Ẹni tó fẹ́ tà fún Kérésìmesì, kó gbé ẹyin fún ìyá nígbà tí oṣù kẹfà bá ń parí lọ, wọn yóò pa láàárín oṣù keje, ara wọn á sì ti le nínú oṣù kejìlá. Àwọn oníbàárà mi l'Ọ́jà Ọba fẹ́ ẹran tó le, tí yóò dúró nínú ọbẹ̀ iyán, wọn kì í sì í jiyàn owó pẹ̀lú ẹni tó bá gbé òṣùwọ̀n dání. Ẹ wọn adìyẹ lójú wọn, kí ẹ tó dá iye.