Bí mo ṣe tọ́ ọmọ ẹja krib nínú gíláàsì

Odò gúúsù Nàìjíríà ni ẹja kribensis (krib), Pelvicachromis pulcher, ti ṣẹ̀. Omi tó wà láàárín ìwọ̀n 25 sí 27 Celsius bá a lára mu, nítorí náà n kò lo ẹ̀rọ amómigbóná kankan. Gíláàsì oní-lítà 60 ni mo fi takọtabo kan sí. Mo da ojú ìkòkò amọ̀ kékeré kan bolẹ̀, mo fọ́ etí rẹ̀ kí ẹja kan lè gbà á wọlé. Inú rẹ̀ ni abo yé sí, lẹ́yìn tí ikùn rẹ̀ ti pọ́n dòdò. Ẹyin pa ní ọjọ́ kẹta. Ní nǹkan bí ọjọ́ kẹjọ, àwọn ọmọ jáde tẹ̀lé ìyá wọn.

N kò yà wọ́n kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Bó bá ti gbọn lẹbẹ báyìí, gbogbo wọn á já sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọn á dákẹ́ jẹ́ẹ́, o ò sì ní mọ ọmọ ẹja yàtọ̀ sí yanrìn.

Orí oúnjẹ ni iṣẹ́ wà. N kò lo pupa ẹyin adìyẹ, ó ń ba omi jẹ́ kíákíá. Artemia, edé tíńtínní inú omi oníyọ̀, ni mo ń mú kí ẹyin rẹ̀ pa fún wọn: omi lítà 1, iyọ̀ gíráàmù 25, ẹyin rẹ̀ ìdámẹ́rin ṣíbí tíì, nínú ìgò oníke tí mo gé ìdí rẹ̀ tí mo sì dorí rẹ̀ kodò, kí rọ́bà ẹ̀rọ atẹ́gùn máa mú un hó láìdáwọ́ dúró. Ó ń pa láàárín wákàtí 24 sí 36. Mo wá pa ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú 10, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ìsàlẹ̀. Èèpo á léfòó, àwọn tó ti pa á wọ́ lọ síbi ìmọ́lẹ̀. Mo fà wọ́n jáde, mo fi aṣọ sẹ́ wọn, mo fi omi lásán ṣan iyọ̀ kúrò. Ọjọ́ náà ni kí ẹja jẹ wọ́n, torí ọ̀rá tí wọ́n bá jáde nínú ẹyin ń tán lọ ní wákàtí sí wákàtí.

Ìgbà mẹ́rin lójúmọ́ ni mo ń fi síríńjì fọ́n díẹ̀ sítòsí wọn. Ikùn wọn ni mo ń tẹjú mọ́: bó bá pupa rẹ́súrẹ́sú bí àwọ̀ epo, wọ́n ti yó. Bó bá ṣì funfun, oúnjẹ kò dé ọ̀dọ̀ wọn.

Kì í ṣe ebi ló ń pa ọmọ ẹja jù, àjẹkù ni. Ó ń jẹrà, ó ń di amóníà, májèlé inú omi, wọn á sì máa mí hẹlẹhẹlẹ lójú omi. Àsẹ́ oníkànrìnkàn ni mo lò, torí àsẹ́ alágbára á fa ọmọ wọlé. Oṣù kan ṣáájú ni mo ti fi í sínú omi tí ẹja wà, kí bakitéríà tó ń yí amóníà padà ti gbilẹ̀ nínú rẹ̀. Omi tí mo fà jáde nínú gíláàsì ni mo fi ń fọ̀ ọ́, kì í ṣe omi ẹ̀rọ, torí klórínì, oògùn apakòkòrò inú rẹ̀, á pa bakitéríà náà. Lítà 6 ni mo ń pààrọ̀ lójoojúmọ́, pẹ̀lú omi tí mo ti gbé kalẹ̀ fún wákàtí 24. Bí iná bá lọ, ẹ̀rọ atẹ́gùn oníbátìrì á gba iṣẹ́ ṣe.

Ẹ wo pH, ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó, pẹ̀lú. Bí omi bá kan dé nǹkan bí 5.5, akọ ló máa pọ̀ jù nínú ọmọ krib. Mo jẹ́ kí tèmi wà láàárín 6.5 sí 7.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹrin, àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í lé wọn kiri, wọ́n tún fẹ́ yé. Mo kó àwọn ọmọ lọ sínú gíláàsì mìíràn, mo bu ìdajì omi àtijọ́ tẹ̀lé wọn, mo sì gbé kànrìnkàn náà lọ bó ṣe wà, láìfọ̀ ọ́.