Bí ẹ ṣe máa gbọ́ eré Southern rock àtijọ́ bíi pé ẹ wà lójú agbo

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Tí ẹnìkan bá ní òun fẹ́ mọ Southern rock, ìyẹn orin rọ́ọ̀kì àwọn ìpínlẹ̀ tó wà ní gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, nǹkan àkọ́kọ́ tó máa ṣe ni pé á lọ wá àkójọ àwọn orin tó gbajúmọ̀ jù, bí ogún orin, á máa gbọ́ ọ nínú mọ́tò, á wá ní òun ti gbọ́ ọ, ó dáa, ṣùgbọ́n òun ò rí nǹkan tó ń pa àwọn àgbà lẹ́kún nínú ẹ̀. Kò lè rí i. Ohun tí wọ́n ń ṣàárò ẹ̀ yẹn kò sí nínú àwo tí wọ́n ṣe ní sítúdíò, orí stéèjì ló wà. Ẹ mú Whipping Post ti Allman Brothers Band, nínú àwo wọn àkọ́kọ́ ní 1969, ìṣẹ́jú márùn-ún àti díẹ̀ ni. Ní gbọ̀ngàn eré Fillmore East ní New York, oṣù kẹta ọdún 1971, orin kan náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ìṣẹ́jú 23. Wọn ò fi nǹkankan fà á gùn o, àwọn olórin yẹn ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ọ̀hún dẹ̀ ń dùn, kò sẹ́ni tó fẹ́ dìde.

Torí náà odindi eré kan ni kẹ́ẹ mú, ẹ má mú orin. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, láì fo nǹkankan. Ti Fillmore yẹn ni mo máa ń ní kí èèyàn fi bẹ̀rẹ̀, At Fillmore East lorúkọ àwo ẹ̀, kò ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ, tẹ́ẹ ò bá ráyè lálẹ́ òní ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ tẹ́ẹ bá ráyè.

Kẹ́ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ wá sípíkà méjì, ẹ gbé ọ̀kan sápá ọ̀tún, ẹ gbé ìkejì sápá òsì, kẹ́ẹ wá jókòó sáàárín. Tí ibi tẹ́ẹ wà ò bá gba ariwo, headphone tó dáa náà máa ṣe é. Ẹ má ṣáà fi fóònù lásán gbọ́ ọ, mo bẹ̀ yín. Onígìtá méjì ló wà nínú báǹdì yẹn, Duane Allman àti Dickey Betts, kò dẹ̀ sí pé ọ̀kan ń lé èkejì ń gbè, àwọn méjèèjì jọ ń lé e ni, gìtá kan ń wá láti apá kan, èkejì láti apá kejì. Lórí fóònù wọ́n á lọ́ mọ́ra wọn, ẹ ò ní mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ mọ́. Onílù náà méjì ni. Butch Trucks ń lù ú bí ọkọ̀ ojú irin tí ò ní bíréèkì, Jaimoe ní tiẹ̀, ọmọ Mississippi tó ti lùlù fún Otis Redding rí, jáàsì ló wà lọ́kàn ẹ̀, ó máa ń rọra hun tiẹ̀ yí ti Butch ká. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan fún gìtá, lọ́jọ́ míì ẹ gbọ́ ọ fún ìlù nìkan.

Bí ẹ ṣe máa dá Duane mọ̀ ni pé kẹ́ẹ fetí sí gìtá tó ń ké bí èèyàn. Ìgò oògùn ọ̀fìnkìn ló wà ní ìka ẹ̀, ìgò kékeré ti Coricidin. Gregg àbúrò ẹ̀ ló máa ń sọ ìtàn ẹ̀, pé ara Duane ò yá lọ́jọ́ ìbí ẹ̀ kan, òun gbé oògùn yẹn àti àwo olórin blues kan tó ń jẹ́ Taj Mahal lọ fún un, kò pẹ́ sígbà yẹn Duane ti da oògùn jáde, ó fọ bébà ara ìgò kúrò, ó kì í bọ ìka tí wọ́n ń fi òrùka sí, ó ń fi wọ́ lórí okùn gìtá. Statesboro Blues tó ṣí eré Fillmore, àwo Taj Mahal yẹn náà ló ti gbọ́ ọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn kẹ́ẹ tó tẹ orin àkọ́kọ́, ẹ máa gbọ́ bí ìgò yẹn ṣe ń yọ̀ lórí okùn.

Ó níbì kan tí mo fẹ́ kẹ́ẹ dúró sí dáadáa. Kí Whipping Post tó bẹ̀rẹ̀, Duane ń sọ fún èrò pé orin kan látinú àwo wọn àkọ́kọ́ ló kàn, pé Berry ló máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, àfi bí ẹnìkan láàárín èrò ṣe pariwo orúkọ orin náà, Duane dẹ̀ dá a lóhùn pé o ti mọ̀ ọ́n. Ohùn èèyàn yẹn ṣì wà nínú àwo títí dòní. Ìgbà yẹn ni béèsì Berry Oakley wá wọlé. Ẹ fi ìka kà á: mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́ta, méjì. Mọ́kànlá ni. Orin tí etí wa mọ̀, mẹ́rin mẹ́rin ló máa ń lọ, ìdí nìyẹn tó fi máa ń ṣèèyàn bíi pé ilẹ̀ ń yẹ̀ lẹ́sẹ̀ òun, tí Gregg bá ti gbohùn sókè ẹsẹ̀ á tún balẹ̀. Láàárín orin yẹn, wọ́n máa ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ débi pé ẹ máa rò pé wọ́n ti ṣe tán, ibẹ̀ ni àwọn tí ò ní sùúrù ti máa ń fò ó, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fò ó, torí ibi tí wọ́n ti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ yẹn ni wọ́n ti ń kó agbára jọ. Tó bá wá parí lóòótọ́, wọ́n ti ń wọ orin míì lọ, àwo dẹ̀ gé e mọ́ yín létí. Mountain Jam ni wọ́n ń wọ̀ lọ yẹn, ìyókù ẹ̀ wà nínú Eat a Peach ti 1972, ìṣẹ́jú 33, wọ́n ní láti pín in sójú àwo méjì. Ẹ ti gbé Eat a Peach sítòsí kẹ́ẹ tó jókòó.

Tó bá ti wọ̀ yín lára, ẹ wá àkójọ àwọn eré Fillmore yẹn tó jáde ní 2014, kẹ́ẹ lè gbọ́ orin kan náà lóríṣìíríṣìí, alẹ́ ọjọ́ kejìlá àti ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta. Ẹ máa gbọ́ àwọn afunfèrè tí wọ́n kó wá, tí Tom Dowd tó ń bójú tó gbígbà orin sílẹ̀ ní kí wọ́n kó kúrò kíá. Alẹ́ ọjọ́ kẹtàlá, ẹnìkan ní bọ́ǹbù wà nínú ilé, wọ́n kó èrò jáde, eré tó gbẹ̀yìn ò bẹ̀rẹ̀ lásìkò, ilẹ̀ ti ń mọ́ kí wọ́n tó ṣe tán. Ẹ ronú àwọn èèyàn tó jáde síta lówùúrọ̀ yẹn tí etí wọn ṣì ń hó.

Oṣù méje lẹ́yìn ẹ̀, ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá 1971, Duane kú lórí alùpùpù ní Macon, Georgia. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá, Berry Oakley náà kú lórí alùpùpù nítòsí ibẹ̀ gan-an. Ọmọ ọdún 24 làwọn méjèèjì. Mo mọ àwọn tó ní kéèyàn má ro ikú mọ́ orin, mi ò fara mọ́ ọn, tẹ́ẹ bá mọ̀ pé ìwọ̀nba àkókò díẹ̀ ló ṣẹ́ kù fún ọmọkùnrin tó ń ta gìtá yẹn, ẹ ò ní máa wo fóònù tó bá ń lù ú.

Eré kejì ni ti báǹdì Lynyrd Skynyrd ní Fox Theatre, Atlanta, ọjọ́ 7 sí 9 oṣù keje 1976, One More from the Road. Wọ́n ti fẹ́ wó ilé eré yẹn tẹ́lẹ̀, owó tí eré ọjọ́ mẹ́ta yẹn mú wá wà lára ohun tó gbà á sílẹ̀, ó ṣì wà lórí ìdúró lónìí. Gìtá mẹ́ta ni tiwọn, Gary Rossington, Allen Collins àti Steve Gaines tí ò tíì pẹ́ tó wọlé. Ẹ lọ síparí ẹ̀ nígbà tó bá yá, níbi tí Ronnie Van Zant, akọrin wọn, ti bi èrò pé orin wo lẹ fẹ́ gbọ́, ilé mì tìtì. Wọ́n ní ìbéèrè kan yẹn wà lára ohun tó fà á táwọn èèyàn fi ń pariwo Free Bird níbi eré olórin èyíkéyìí di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ẹ má sáré lọ síbi gìtá tó yára níparí o. Ẹ jókòó ti ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́ yẹn, ẹ gbọ́ píánò Billy Powell. Ẹrù báǹdì ló ń bá wọn kó tẹ́lẹ̀, ọjọ́ kan tí wọ́n lọ ṣeré nílé ìwé kan ló jókòó sídìí píánò, ó ta Free Bird bó ṣe rí lọ́kàn ẹ̀, bí Ronnie ṣe ní kó kúrò nídìí ẹrù nìyẹn.

Lẹ́yìn yẹn ẹ wá fídíò Knebworth ní England, ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ 1976, Rolling Stones ló ni ọjọ́ yẹn, wọ́n ṣe stéèjì bí ahọ́n tó yọ síta, ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé wọ́n ti kìlọ̀ fún Skynyrd kí wọ́n má dé orí ahọ́n yẹn, Ronnie dẹ̀ kó àwọn onígìtá ẹ̀ lọ síbẹ̀. Ẹ wo ojú èrò. Ọdún kan àti oṣù méjì lẹ́yìn ẹ̀, ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá 1977, epo tán nínú bàálù wọn lójú ọ̀run, ó já sínú igbó nítòsí Gillsburg ní Mississippi, èèyàn mẹ́fà kú, Ronnie, Steve Gaines àti Cassie ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wà nínú wọn. Àwo wọn tuntun ò tíì pé ọjọ́ mẹ́rin níta.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò ní fi pa mọ́. Ẹ máa rí àsíá Confederate lẹ́yìn Skynyrd nínú àwọn fídíò yẹn. Àsíá àwọn tó jagun kí ẹrú lè máa jẹ́ ẹrú ni, èmi aláwọ̀ dúdú ò lè wò ó kí n ní kò sí nǹkankan, ó máa ń dùn mí. Mi ò torí ẹ̀ pa fídíò, ṣùgbọ́n mi ò dẹ̀ ní sọ pé aṣọ lásán ni. Ẹ rántí pé látinú blues àwọn aláwọ̀ dúdú ni gbogbo orin yìí ti ṣàn wá, àti pé Jaimoe, aláwọ̀ dúdú, wà lórí ìlù Allman Brothers láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ní 1969, ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà nígbà yẹn o, tó jẹ́ pé kí dúdú àti funfun jọ wọ ilé oúnjẹ lásán, ìjàngbọ̀n ni.

Tẹ́ẹ bá mọ ẹnikẹ́ni tó lọ síbi eré nígbà yẹn, ẹ pè é wá kẹ́ẹ jọ gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bẹ́ẹ ṣe máa bi í. Bàbá kan wà tá a jọ ṣiṣẹ́ tó wà ní Watkins Glen ní ìpínlẹ̀ New York, ọjọ́ 28 oṣù keje 1973, ọjọ́ tí Allman Brothers, Grateful Dead àti The Band jọ ṣeré fún èrò tí wọ́n fojú bù sí 600,000. Mo ní, Bàbá, báwo ló ṣe rí? Ó ní ó dùn. Ó panu mọ́. Ó pẹ́ kí n tó ní, bàtà wo lẹ wọ̀ lọ́jọ́ yẹn? Háà! Ọ̀rọ̀ tú. Ó ní bàtà ọ̀hún ò bá òun délé, pé ọkọ̀ ò lè lọ mọ́, àwọn fi mọ́tò sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àwọn fẹsẹ̀ rìn, òjò dé, ẹrẹ̀ gba bàtà lẹ́sẹ̀ òun, òun ò rí stéèjì lójú rí, ìró gìtá Dickey Betts ló ń bá òun níbi tí òun dùbúlẹ̀ sí. Ohun tẹ́ẹ máa bi wọ́n nìyẹn: ta ló wa mọ́tò, ibo lẹ dúró sí, kí ló ṣe yín létí lọ́jọ́ kejì, tíkẹ́ẹ̀tì yẹn dà.

Àwọn tó kù, ẹ gbọ́ wọn díẹ̀díẹ̀: Marshall Tucker Band láti Spartanburg, South Carolina, tí fèrè Jerry Eubanks ń fò lórí gìtá Toy Caldwell, The Outlaws láti Tampa, Wet Willie láti Mobile, Alabama. Tèmi, Marshall Tucker ni mo máa kọ́kọ́ mú.

Tí ẹsẹ̀ yín bá gbé yín dé Amẹ́ríkà, Macon ni kẹ́ẹ lọ. Big House wà lójú Vineville Avenue, ilé tí Allman Brothers àti ìyàwó àtọmọ jọ gbé, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ni báyìí. Ẹ jẹun ní H&H, níbi tí Mama Louise ti ń fún wọn lóúnjẹ nígbà tí wọn ò ní kọ́bọ̀. Kẹ́ẹ wá rìn lọ sí itẹ́ òkú Rose Hill, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń lọ jókòó ta gìtá nígbà tí wọ́n wà láyé, orúkọ tí Dickey rí lára òkúta sàréè kan níbẹ̀ ló fi sọ In Memory of Elizabeth Reed. Duane, Berry, Gregg àti Butch ti wà níbẹ̀ báyìí. Dickey náà kú ní oṣù kẹrin 2024, Jaimoe nìkan ló kù nínú àwọn mẹ́fà tó bẹ̀rẹ̀.

Èyí tẹ́ẹ máa gbọ́ kẹ́yìn, orin kúkúrú ni. Ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá 2014 ni Allman Brothers ṣe eré ìkẹyìn ní Beacon Theatre, New York, Derek Trucks ọmọ arákùnrin Butch wà lórí gìtá pẹ̀lú Warren Haynes. Eré náà wọ òru, ó di ọjọ́ 29, ọjọ́ tí Duane kú gan-an. Gregg wá ní àwọn fẹ́ ta orin tí àwọn kọ́kọ́ ta nígbà tí gbogbo àwọn kọ́kọ́ pàdé ní 1969, Trouble No More ti Muddy Waters. Ó wà nínú àwo wọn àkọ́kọ́, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ẹ pa iná, ẹ tẹ̀ ẹ́.